Àwọn wolé-wolé tó wá wádìí onígbáméjì nílé wa: ìràwọ̀ 4 nínú 5

Ẹ̀yin èèyàn mi, àwọn ará ìlera tó wá sílé wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó lásìkò onígbáméjì 2024 ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn, torí mo ti bú wọn tán kí wọ́n tó dé, ó yẹ kí n sọ òótọ́.

Èèyàn 4 ló dùbúlẹ̀ láàárín ọjọ́ 2, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wà níbẹ̀, ó ń bì, ó ń ṣu omi tó dà bí omi ìrẹsì. Gbogbo ilé ti dájọ́ tiwa, a ní ìyá olófio ni, ṣé ẹ rántí pé ní oṣù June yẹn ìjọba fúnra ẹ̀ ń kìlọ̀ nípa òfio inú ike. Obìnrin yẹn ò rí ta mọ́ rárá, èmi náà wà nínú àwọn tó pariwo lé e lórí.

Mo rò pé wọ́n á kàn fín kẹ́míkà káàkiri ni. Rárá o! Wọ́n jókòó, wọ́n ní ká ro ọjọ́ 5 sẹ́yìn, kí la jẹ, ibo la ti rà á, omi wo la fi fọ ẹnu, torí onígbáméjì (kọ́lẹ́rà) lè múni láàárín wákàtí díẹ̀, ó sì lè tó ọjọ́ 5 kó tó hàn. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù, wọ́n bi àwọn tára wọn le náà. Ẹ̀gbọ́n mi ti fẹ́ bínú, "Ṣé èmi ni mò ń ṣu ni?" Àṣé ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Àwa tá a mu òfio, nǹkan kan ò ṣe ọ̀pọ̀ nínú wa, 2 nínú àwọn tó dùbúlẹ̀ ò sì fẹnu kàn án. Ṣùgbọ́n àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń fi omi kànga ẹ̀yìnkùlé fọ ẹnu, piọ wọ́tà làwa yòókù ń lò. Kànga ọ̀hún ò jìnnà sí ṣáláńgá, gbogbo wa mọ̀, kò sẹ́ni tó sọ ọ́.

Wọ́n bu omi ẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò, wọ́n da klorín sí i. Ìràwọ̀ kan tí mo yọ, ọjọ́ kẹta ni wọ́n tó dé, wọ́n gba nọ́ńbà mi pé àwọn á pe mi fún èsì, títí dòní, kò sí kọ́ọ̀lù.

Mo lọ ra òfio lọ́sẹ̀ tó kọjá sha. Ìyá náà wò mí látòkè délẹ̀, ó ní ó ti tán, ike mẹ́fà sì wà nínú kúlà níwájú ẹ̀.