Ìbọn ìléwọ́ àtijọ́: èyí tó ṣú ni kí ẹ rà, àbí èyí tó ń dán?

Ká ní ìbọn ìléwọ́ olókùúta méjì, irú èyí tí òkúta ń ṣáná sí ẹ̀tù rẹ̀, wà lórí tábìlì kan ní Ìjẹ̀bú-Òde. Irin ọ̀kan ti ṣú, idẹ ìdí rẹ̀ sì ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí ẹdan tó ti pẹ́ ní ilédì. Èkejì ń dán gbinrin. Ẹ jẹ́ ká pè wọ́n ní Dúdú àti Dídán. Owó gọbọi ni wọ́n sábà máa ń pe Dídán. Dúdú ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó wo ẹwà kankan, ẹ mọ̀ bóyá nǹkan ṣì wà nínú rẹ̀. Ẹ kọ ẹnu ìbọn sí ibi tí èèyàn kò sí, ẹ ki igi tẹ́ẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́ lẹ́nu títí yóò fi dúró, ẹ fi ìka di ibi tó bá ẹnu ìbọn dọ́gba mú, kí ẹ wá na igi náà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lóde. Ó yẹ kí orí igi fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ibi ihò tí iná ń gbà wọlé. Bó bá fi ìwọ̀n ìka méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kúrú, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti kì í. Ẹ̀tù tó ti lo ọgọ́rùn-ún ọdún ṣì lè gbiná. Ẹ má fi irin rọ́ ọ, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó mọṣẹ́.

Sáńpépà ni wọ́n sábà máa ń fi mú irú Dídán dán, ara igi ló sì ti ń tú àṣírí ara rẹ̀. Àwọn tó ń gbẹ́ igi ìbọn nígbà náà máa ń jẹ́ kí igi bá irin dọ́gba, tàbí kó ga jù ú lọ díẹ̀. Ẹ fi èékánná wọ́ ojú ibi tí igi ti pàdé irin. Lára Dúdú, èékánná yóò kọjá geere tàbí kó gun orí igi. Lára Dídán, yóò já sísàlẹ̀ láti orí irin bọ́ sórí igi, torí wọ́n ti ha igi náà lọ, kò sì sẹ́ni tó lè dá a padà mọ́. Irin rẹ̀ náà rí bẹ́ẹ̀: igun tó yẹ kó mú ti di roboto, ẹnu ihò sìkírúù ti tẹ̀ wọnú bí abọ́, lẹ́tà tí wọ́n tẹ̀ sára irin sì ti parẹ́ lápá kan.

Lẹ́tà wọ̀nyẹn ló tó ohun tí èèyàn ń fi gíláàsì wò. Bírímíńgámù ní ilé ìdánwò ìbọn láti 1813. Àmì wọn nígbà náà ni ọ̀pá àṣẹ méjì tó dábùú ara wọn lábẹ́ adé, ọ̀kan pẹ̀lú BPC, èkejì pẹ̀lú V. Ti Lọ́ńdọ̀nù ni GP àti V lábẹ́ adé. Ti Liège ní Bẹ́ljíọ̀mù ni ELG nínú àmì tó rí bí ẹyin, ṣùgbọ́n 1893 ni wọ́n tó fi adé lé e lórí. Nítorí náà, bí ẹni tó ń tà á bá búra pé ìbọn tó ní ELG aládé wà lójú ogun Ìmágbọn láàárín Ìjẹ̀bú àti Gẹ̀ẹ́sì, ẹ rántí pé oṣù Karùn-ún 1892 ni ogun náà. Ìbọn yẹn ò lè débẹ̀. Ọ̀rọ̀ TOWER, orúkọ ilé ìkó-ohun-ìjà ìjọba ní Lọ́ńdọ̀nù, nìkan kì í ṣe ẹ̀rí, òun ni àwọn aládàmọ̀dì fẹ́ràn jù. Àmì PN sì ń sọ pé ẹ̀dà òde òní láti Ítálì ni. Bí ẹ bá rí sìkírúù tí ojú rẹ̀ rí bí àgbélébùú, ọ̀rúndún ogún tàbí lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n fi í síbẹ̀.

Lẹ́yìn 1820, wọ́n sọ ọ̀pọ̀ ìbọn olókùúta di oníkáàpù, èyí tí òòlù ń lu káàpù kékeré dípò òkúta kó tó gbiná. Ìyẹn kì í ṣe àbùkù rárá. Àbùkù ni kí ẹnìkan lóde òní dá a padà sí olókùúta, kó sì tà á bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣe é. Ẹ ní kí ẹni tó ń tà á tú irin ẹ̀gbẹ́ tó gbé òòlù dúró kúrò. Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá wọ́n dí ihò àtijọ́, bóyá òòlù tó di òkúta mú jẹ́ tuntun nígbà tí irin tó gbé e dúró ti jẹ. Ẹ̀tù máa ń jẹ ẹnu ihò iná. Bí gbogbo irin bá ti di kòtò kòtò tí ihò yìí nìkan mọ́ roboto, wọ́n ti pààrọ̀ nǹkan níbẹ̀.

Dúdú náà lè jẹ́ àtọwọ́dá. Wọ́n lè bu ásíìdì sí i tàbí kí wọ́n rì í mọ́lẹ̀. Irú èyí máa ń ṣú bákan náà níbi gbogbo, títí kan abẹ́ irin tí igi bò. Ojúlówó kì í rí bẹ́ẹ̀: ibi tó fara pamọ́ máa ń mọ́ ju òde lọ, ibi tí ọwọ́ ń dì mú sì máa ń jọ̀lọ̀. Ìpẹtà pupa tó lẹ̀ mọ́ ìka ṣì ń jẹ irin. Òróró ẹ̀rọ ìránṣọ díẹ̀ lórí aṣọ rírọ̀ yóò dín in kù. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti iyanrìn fọ idẹ rẹ̀ nítorí pé Ojúde Ọba ń bọ̀. Àwọ̀ yẹn lẹ sanwó fún.

Bó ti wù kó gbó tó, òfin ilẹ̀ wa ka ìbọn ìléwọ́ olókùúta mọ́ ohun ìjà tí wọ́n fòfin dè, tí èèyàn kò gbọdọ̀ ní láìsí ìwé àṣẹ Ààrẹ. Ẹ yanjú èyí kí owó tó kúrò lọ́wọ́. Bó bá jẹ́ àgbẹ̀dẹ ilẹ̀ wa ló rọ ọ́ ṣáájú 1918, òfin ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ti 1979 kàn án, kò sì gbọdọ̀ rékọjá ibodè láìsí ìwé àjọ tó ń bójú tó mùsíọ̀mù.