Ìkìlọ̀ fún àwa tí a ń wa Hilux onídísù: ẹ ṣọ́ra fún àpótí pupa

Ẹ̀yin ará tí ẹ ń wa Hilux 3.0 D-4D bíi tèmi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ra àpótí pupa kékeré tí àwọn kan ń kiri báyìí, tí wọ́n ní bí a bá ti kì í bọ ojú ibi tí àwọn rìwáyà máa ń ki ẹ̀rọ àyẹ̀wò bọ̀ lábẹ́ sítíárìn, agbára ẹ́ńjìnnì yóò kúrò ní horsepower 171, yóò sì di 220. ₦65,000 ni mo san.

Kí ọkùnrin tó tà á fún mi tó fi í sí i, èmi ni mo wa ọkọ̀, AC ń fẹ́, àwa mẹ́ta la wà nínú rẹ̀, a sì ń gun òkè. Nígbà tó fi í sí i tán, ó ní kí ọmọọṣẹ́ òun sọ̀ kalẹ̀, òun fúnra rẹ̀ bọ́ sídìí sítíárìn, ó sì tẹná mọ́ ọkọ̀. Ọkọ̀ ta lọ fìrì, mo rẹ́rìn-ín, mo kówó sílẹ̀. Ìgbà tí mo délé ni mo tó rántí pé ó ti pa AC.

Lọ́jọ́ kejì, mo kó sìmẹ́ńtì, ọkọ̀ sì ń mí hẹlẹ lórí òkè bó ṣe ń mí tẹ́lẹ̀. Mo fi ọ̀bẹ tú àpótí náà. Nínú ẹsẹ̀ 16 tó wà lẹ́nu rẹ̀, èyí tó ń gba iná bátìrì nìkan ló ní iṣẹ́ tó ń ṣe. Kò sí ohun kankan tó so mọ́ àwọn ẹsẹ̀ tó yẹ kó máa bá brain box, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì, sọ̀rọ̀. Gílóòbù mẹ́ta tó ń ṣẹ́jú ni mo fi ₦65,000 rà!

Nígbà tí mo pè é, kò tilẹ̀ bẹ̀bẹ̀; ńṣe ló ní kí n mú ₦40,000 wá, kí òun so nǹkan mìíràn mọ́ sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn bí dísù ṣe ń tì nínú páìpù. Ibí yìí gan-an ni kí ẹ ti fetí sílẹ̀, nítorí owó nìkan ni àpótí pupa jẹ, ẹ́ńjìnnì ni èyí ń jẹ. Resístọ̀ lásán ni, èròjà kékeré tó ń dín iná kù; ó ń purọ́ fún brain box pé dísù kò tì tó, kí pọ́ǹpù lè máa tì í sí i. Ọkọ̀ yóò yára lóòótọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí afẹ́fẹ́ tí tọ́bò ń tì sínú ẹ́ńjìnnì kò pọ̀ tó dísù, èéfín dúdú yóò máa rú, ooru yóò kọjá ààlà, nọ́sù tó ń fọ́n dísù àti písítìnì ni yóò sì fara gbá a. Nígbà tí Toyota fúnra wọn gbé Hilux 2.8 láti horsepower 177 dé 204 lọ́dún 2020, tọ́bò tó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ni wọ́n fi sí i, wọ́n sì tún písítìnì ṣe.

Ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí yóò kọ́kọ́ da ohun tó wà nínú brain box kọ pa mọ́, yóò gbé ọkọ̀ sórí dyno, ẹ̀rọ tó ń wọn agbára ọkọ̀, ṣáájú iṣẹ́ àti lẹ́yìn iṣẹ́, yóò sì kó èsì méjèèjì lé yín lọ́wọ́. Bí ó bá jẹ́ ojú títì nìkan ni yóò ti dán an wò, ẹ̀yin ni kí ẹ wà á, kí AC sì máa fẹ́.

Ọkùnrin náà ti pààrọ̀ nọ́ńbà fóònù rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo rí ọmọọṣẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú irú àpótí yẹn kan náà. Àwọ̀ ewé ni wọ́n kùn ún báyìí, wọ́n ní ó ń dín dísù kù.