Owó Epo Oṣooṣù àbí Owó Kìlómítà?
Fún ṣọ́ọ̀bù Ògbómọ̀ṣọ́ tó ní ọlọ́kadà méjì tó ń gbé ọjà lọ sí Tákìé àti Sábó, owó epo tí a fi kún owó oṣù rọrùn: ẹ kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó parí. Ṣùgbọ́n ẹni tó jókòó àti ẹni tó rìn ń gba iye kan náà.

Owó kìlómítà, ìyẹn sísan owó fún kìlómítà kọ̀ọ̀kan tí ọlọ́kadà bá rìn fún iṣẹ́, la fara mọ́, bí ẹ ò bá kórìíra ìwé kíkọ. Ẹ ka mítà ọ̀kadà láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Bí lítà epo bá jẹ́ ₦1,000, tí ọ̀kadà sì fi rin kìlómítà 40, ₦25 ni epo kìlómítà kan. Ẹ fi ₦15 kún un fún ọ́ìlì àti táyà, ó di ₦40. Kìlómítà 300 di ₦12,000. Ohun tó máa ń bà á jẹ́ ni kíka ìrìn ilé mọ́ ti iṣẹ́. Ẹ san án lọ́tọ̀, kó má wọnú owó oṣù.