Ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù ọmọdé kan l'Ákùúrẹ́: wọ́n mọ bọ́ọ̀lù kọ́, ó ku ẹni tí ọmọ lè fẹjọ́ sùn

Mi ò ní dárúkọ ẹgbẹ́ náà, torí ọmọ mi ṣì wà níbẹ̀. Ti bọ́ọ̀lù, mi ò lẹ́jọ́: kóòṣì àgbà mọṣẹ́, kì í pẹ́ dé pápá, gbogbo ọmọ ibẹ̀ ló sì gbà pé Sunshine Stars, ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù àgbà ìlú yìí, ni àwọn máa gbá bọ́ọ̀lù fún lọ́la.

Ọmọ mi máa ń kólòlò. Bó bá ti lanu pé kí wọ́n fún òun ní bọ́ọ̀lù, àwọn ẹ̀gbọ́n á ti gbà á lẹ́nu rẹ̀: "Pa-pa-pa-páàsì!" Gbogbo pápá á bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, kò pè fún bọ́ọ̀lù mọ́, á kàn dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà, á na ọwọ́. Wọ́n tún fi fọ́tò rẹ̀ ṣe sítíkà sórí WhatsApp. Igbákejì kóòṣì ní, "Eré ọmọdé ni, màmá." Eré!

Mo bá lọ bá ọ̀gá rẹ̀. Ohun tí ọkùnrin yẹn ṣe ló jẹ́ kí n ṣì máa yìn wọ́n. Kò kó àwọn ọmọ jọ kí wọ́n dọ̀bálẹ̀ fún ara wọn ká sọ pé ìjà ti parí. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló pè wọ́n, ó kọ ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀, ó ránṣẹ́ sí àwọn òbí. Ó gba ipò kàpíténì lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣáájú wọn. Bàbá ọmọ náà ní kí wọ́n fi pàṣán nà án, kóòṣì kọ̀: "Bí mo bá nà án lónìí, ẹni tó kéré sí i ló máa nà lọ́la." Ní báyìí, kóòṣì fúnra rẹ̀ ló ń dúró níbi tí wọ́n ti ń pààrọ̀ aṣọ.

Àmọ́ ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo ni gbogbo èyí wà. Kò sí òfin kankan tí wọ́n kọ sílẹ̀. Fọ́ọ̀mù wọn kò béèrè ju fọ́tò pásípọ́ọ̀tù àti owó lọ. Bẹ́ẹ̀, láti 2019 ni FIFA ti gbé ìlànà FIFA Guardians jáde, tó ní kí àjọ bọ́ọ̀lù orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan yan ẹni tí ọ̀rọ̀ ààbò ọmọ máa wà níkàáwọ́ rẹ̀; ó yẹ kí ẹgbẹ́ tiwa náà ní irú ẹni bẹ́ẹ̀. Bí kóòṣì àgbà bá rìnrìn àjò, ṣé igbákejì tó ní eré ni lọmọ máa lọ bá?

Owó táàmù tuntun ti délẹ̀. Mo ti sọ fún wọn pé ọjọ́ tí orúkọ àti nọ́ńbà ẹni tí ọ̀rọ̀ ààbò ọmọ wà níkàáwọ́ rẹ̀ bá wà lórí fọ́ọ̀mù ni n ó san án. Kóòṣì àgbà ní òun ti gbọ́. Igbákejì rẹ̀ kò kí mi mọ́.