Kung Jin àbí Mileena: ìfẹ́ ta ni géèmù ìjà Mortal Kombat fi hàn dáadáa jù, ti ọkùnrin sí ọkùnrin àbí ti obìnrin sí obìnrin?

Nínú Mortal Kombat X (2015), Kung Jin ni jagunjagun àkọ́kọ́ nínú géèmù náà tó jẹ́ ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni wọ́n fi sọ ọ́: Raiden, òrìṣà àrá inú géèmù náà, kàn ní kò kan àwọn mọ́ńkì Shaolin, ẹni yòówù tí ọkàn Kung Jin ń fẹ́. Orí Twitter ni òṣìṣẹ́ NetherRealm, ilé iṣẹ́ tó ṣe géèmù náà, kan ti wá là á mọ́lẹ̀.

Mortal Kombat 1 (2023) kò fi ọ̀rọ̀ bò. Ọmọbìnrin ọba ni Mileena, obìnrin ẹ̀ṣọ́ ààfin ni Tanya, olólùfẹ́ ara wọn sì ni wọ́n.

Nílé géèmù ní Kubwa tàbí Nyanya, ìyàtọ̀ yìí pọ̀. Owó ìjà la ń san, ta ló fẹ́ jókòó wo ìtàn? Èèyàn lè fi Kung Jin na gbogbo àdúgbò láìmọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ti Mileena àti Tanya, bí wọ́n bá pàdé, ẹ óò gbọ́ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀, bí ariwo jẹnẹrétọ̀ bá gbà.

Ti Mileena ni mo fara mọ́: ìfẹ́ rẹ̀ wà nínú ìtàn gan-an. Kung Jin? Wọn ò tiẹ̀ fi í sára àwọn tí a lè fi jà mọ́ láti Mortal Kombat 11 (2019).