Tíkẹ́ẹ̀tì Pọ́ọ́kú Tó Dá Mi Dúró ní Ìkẹjà

Ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún ni mo fún ìkànnì tí mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì Salvador ní Bahia, ní Brazil. Ọ̀kan torí pé owó rẹ̀ kéré lóòótọ́, ìkejì torí pé kò pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí mo fi sanwó tán. Mo fẹ́ wo ọdún Yemọja tí wọ́n máa ń ṣe ní Rio Vermelho, àdúgbò kan ní Salvador, ní February 2.

Èkó sí Frankfurt, Frankfurt sí Lisbon, Lisbon sí Salvador. Físà Brazil wà lọ́wọ́ mi, ọkàn mi balẹ̀. Kí ni mo fẹ́ wá ṣe nígboro Jámánì? Arábìnrin tó wà ní kántà ní Ìkẹjà ṣí páspọ́ọ̀tù mi láti iwájú dé ẹ̀yìn, ó tún ṣí i láti ẹ̀yìn dé iwájú. "Ẹ̀gbọ́n, físà Schengen yín dà?" Ẹrù mi ti wà lórí òṣùwọ̀n, kílò 22. Èmi náà ni mo gbé e sọ̀kalẹ̀.

Ó ṣàlàyé fún mi, kò jágbe. Lójú àwọn Schengen, ìyẹn àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tí físà kan ṣoṣo kárí, tí Jámánì àti Portugal tó ni Lisbon wà lára wọn, ọ̀ọ̀dẹ̀ sí yàrá ni Frankfurt sí Lisbon: ní Frankfurt ni wọ́n ti ń lu òǹtẹ̀ ìwọlé, físà ìwọlé gan-an ni mo sì nílò. Kódà ká ní mi ò ní kúrò nínú pápákọ̀ Frankfurt, Nàìjíríà wà lára orílẹ̀-èdè 12 tí gbogbo Schengen ń béèrè físà pápákọ̀ lọ́wọ́ wọn. Físà Amẹ́ríkà tàbí ti Kánádà tí kò tíì kú lè yọni nínú ìyẹn. Ti Brazil ò lè yọni.

Ìgbà tí mo délé ni mo tó rí i pé tíkẹ́ẹ̀tì méjì ni wọ́n lẹ̀ pọ̀ fún mi. "Self-transfer" wà lábẹ́ iye owó, lẹ́tà wẹ́wẹ́ aláwọ̀ eérú. Ìyẹn ni pé ní Lisbon, èmi ni mo máa jáde lọ gba ẹrù mi, tí n óò tún tò lórí ìlà tuntun. Àwọn oníbàálù ní kí n lọ bá ẹni tó tà á fún mi. Ẹni tó tà á ní ọ̀rọ̀ físà ò kan àwọn. Owó pápákọ̀ díẹ̀ ni wọ́n dá padà.

Tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ni mo wá rà, Èkó sí São Paulo, gba Addis Ababa. Ó wọ́n gan-an. Ẹnikẹ́ni ò bi mí ní físà Ethiopia, torí mi ò jáde níbẹ̀. February 5 ni mo dé Salvador.