Lady Sings the Blues: Ìwé Tó Dùn Kà, Tí Kò Ṣeé Búra Lé

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ìwé yìí, tí Billie Holiday, akọrin jazz ará Amẹ́ríkà, fi sọ ìtàn ara rẹ̀ ní ọdún 1956, ó ní nígbà tí bàbá àti ìyá òun ṣe ìgbéyàwó, ọmọ ọdún 18 ni bàbá, ọmọ ọdún 16 ni ìyá, òun alára sì ti pé ọdún 3. Ọ̀rọ̀ náà pa mí lẹ́rìn-ín, n kò sì lè gbé ìwé náà sílẹ̀ mọ́. Àmọ́ àwọn òbí rẹ̀ kò fẹ́ ara wọn rí, ọmọ ọdún 19 sì ni ìyá rẹ̀ nígbà tó bí i. Ó ní Baltimore ni wọ́n bí òun sí, Philadelphia ni.

Akọ̀ròyìn kan, William Dufty, ló bá a kọ ọ́, ó sì mọ bí a ti ń gbé ohùn ènìyàn sínú ìwé, débi pé ńṣe ló dà bí ẹni pé obìnrin náà jókòó tì wá. Ohun tí n kò lè gbójú fò ni ọ̀rọ̀ orin "Strange Fruit". Abel Meeropol, olùkọ́ tó ń fi Lewis Allan ṣe orúkọ ìkọ̀wé, ló kọ ewì náà, òun náà ló sì fi ohùn orin sí i. Ṣùgbọ́n ìwé yìí ní Holiday wà lára àwọn tó sọ ewì náà di orin. Kí ènìyàn bu ọjọ́ orí ìyá rẹ̀ kù kò pa ẹnikẹ́ni lára, ṣùgbọ́n iṣẹ́ oníṣẹ́ ni èyí.

Síbẹ̀, àwọn ojú ìwé kan wà tí mo gbà gbọ́. Ó sọ bí wọ́n ṣe ní kó fi àtíkè dúdú pa ojú ní Detroit, nígbà tó ń kọrin pẹ̀lú ẹgbẹ́ olórin jazz ti Count Basie, nítorí pé iná orí ìtàgé mú kí àwọ̀ rẹ̀ pupa jù, kí àwọn òǹwòran má baà rò pé obìnrin aláwọ̀ funfun ló wà láàárín àwọn ọkùnrin aláwọ̀ dúdú. Ó sì sọ bí wọn kò ṣe fún un ní ìwé àṣẹ mọ́ láti kọrin níbi tí wọ́n ti ń ta ọtí ní New York, lẹ́yìn tó ti ẹ̀wọ̀n dé.

Kì í ṣe ẹni tó ni ìtàn nìkan ló ń ba òtítọ́ jẹ́. Nígbà tí òṣèrébìnrin Tallulah Bankhead kọ̀wé ìkìlọ̀ sí ilé iṣẹ́ atẹ̀wé, ìbáṣepọ̀ gígùn tó wà láàárín òun àti Holiday di ti ọ̀rẹ́ kan tó kàn máa ń yà wá jẹ sìpàgẹ́tì nínú ìwé náà. Òṣèrébìnrin mìíràn, Hedy Lamarr, tilẹ̀ gbé àwọn tó bá a kọ ìwé ìtàn ara tirẹ̀ lọ sílé ẹjọ́, ó ní irọ́ ni wọ́n kó sínú rẹ̀. Ọgbọ́n Charlie Chaplin, aláwàdà inú fíìmù, tẹ́ mi lọ́rùn jù: nínú ìwé tirẹ̀ ti ọdún 1964, kò dárúkọ ìyàwó rẹ̀ kejì, ó sì sọ ní gbangba pé nítorí àwọn ọmọ méjì tó bí fún òun ni òun kò fi ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó kéré tán, òǹkàwé rí ibi tó ti ilẹ̀kùn.

Mo ka ti Holiday lẹ́ẹ̀kejì pẹ̀lú pẹ́ńsù lọ́wọ́, mo ń sàmì sí ohun tí àwọn olùṣèwádìí ti já ní koro. Orí kìíní ló gba àmì jù. Nígbà tí mo dé ibi ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá àti ẹ̀wọ̀n, mo gbé pẹ́ńsù sílẹ̀.